Mọ́tò Tí Ó Kọ̀ Láti Kúrò ní Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò bẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bẹ ènìyàn. Olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìntì, bí ó bá sì fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹni, ńṣe ni yóò pa á láṣẹ bí ẹni ń pín koríko gígé fún ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Ó ní kí n gbé ọmọ náà lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé, kí n sì gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bi í pé kí la fẹ́ lọ ṣe ní Oǹdó. Ó ní a fẹ́ lọ jẹ ìwọ̀sí ni, pé kí ọmọ náà jẹ ẹ́ tán kó lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ọmọbìnrin tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi bí. Àwọn wẹ́fíà tó ń bójú tó ọmọ aláìlóbìí ní Alágbàká ni wọ́n gbé e fún un pé kó máa bá wọn tọ́ ọ nílé rẹ̀ ní Ijapo, ní Àkúrẹ́. Ará Oǹdó ni bàbá rẹ̀. Bàbá náà kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ni wọ́n bá ní kí ìyá rẹ̀ wọlé opó, wọ́n fá a lórí, wọ́n sì ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó pa ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà kò parí opó yẹn. Ọmọ òrukàn lòun fúnra rẹ̀, kò ní ilé bàbá tó lè sá lọ, ló bá fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí Àkúrẹ́, ó gba yàrá kan, ó ń ránṣọ. Nígbà tí àìsàn mú òun náà lọ, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Onílé ló lọ sọ ní Alágbàká pé ọmọ kan wà ní yàrá òun tí kò ní aláàánú.

Nígbà tí ọmọ náà ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí ìjọba máa ń tú irú wọn sílẹ̀, obìnrin wẹ́fíà kan wá sílé. Ó ní kò dára kí ọmọ kúrò lọ́wọ́ alágbàtọ́ kó má mọ ilé tó máa yà sí. Ó bi ọmọ náà pé ta ló fẹ́ rí. Ọmọ náà ní ìyá bàbá òun. Ó ní òun kò fẹ́ ilẹ̀ wọn, òun kò fẹ́ dúkìá wọn. Òun kàn ń fẹ́ ẹnì kan tí òun lè lọ bá lọ́jọ́ ọdún, tí kì í ṣe ìjọba ló ní kó gba òun sílé.

Ilé ìdáná ni ẹ̀gbọ́n mi wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Láti ọjọ́ náà ni àwo ti ń dún nílé wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Obìnrin wẹ́fíà náà pe Oǹdó lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ló gbé e. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó ní àwọn kò mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì pa fóònù. Ó yẹ kí àwọn wẹ́fíà fúnra wọn lọ, ṣùgbọ́n mọ́tò ọ́fíìsì wọn wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa dé. Bí ó ṣe kàn mí nìyẹn.

Rẹ́wáyà ni mí. Iná mọ́tò ni mò ń tún ṣe, abẹ́ igi ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ó ṣáà tó láti mọ pé ilé tí wọ́n bá ti ń bèèrè ẹni tó pa òkú, ọlọ́gbọ́n kì í yà síbẹ̀, kí wọ́n má baà wò ó títí kí ó lọ jọ ẹni tí wọ́n ń wá. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó ní kí n fi ìrọ̀rí sí i. Mo ní ara mọ́tò mi kò dá. Ó ní ta ló ń tún un ṣe?

Òótọ́ ni mo sọ nípa mọ́tò yẹn o. Iná kan ń jò níbì kan nínú rẹ̀ tí mi ò tíì rí títí di òní, èmi tí mò ń rí ti gbogbo ayé. Bí mo bá páàkì, mo gbọ́dọ̀ yọ tẹ́míná kan, orí wáyà iná, kúrò lórí bátìrì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì á ti kú kí n tó dé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tì, okùn la fi ń so ó. Ọmọ náà ló máa ń bá mi yọ tẹ́míná nígbà tí mo bá gbé e lọ ọjà fún ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn mi. Ó máa ń pè mí ní Ọ́ńkù bí ẹni tó ń tu kóró ọsàn dànù. Ìdúró lásán ni kò fẹ́ràn.

Nígbà tó di Sátidé, a gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi di búrẹ́dì àti ọsàn fún wa, ó ní kí wọ́n má lọ sọ pé ọwọ́ òfo ni àwọn ará Àkúrẹ́ mú wá. A kọjá Ọ̀wẹ̀nà, a kọjá Bólórúndúró, wọ́n sá kòkó sí ẹ̀gbẹ́ títì, òórùn rẹ̀ kún inú mọ́tò. Ọmọ náà gbé búrẹ́dì lé itan, ó ń wo iwájú. Mo ní ṣé ó mọ ohun tó máa sọ fún wọn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ni. Ó gbé búrẹ́dì náà sí itan kejì.

Ilé alájà kan ni ilé bàbá rẹ̀, ilé àtijọ́, páànù rẹ̀ ti pọ́n. Kí a tó yà wọlé ni mo ti pinnu bí a ó ṣe jáde. Ẹ̀yìn ni mo fi wọ àgbàlá náà, kí imú mọ́tò lè kọjú sí títì. Mo sọ fún ọmọ náà pé lónìí o, kó má yọ tẹ́míná. Kí bátìrì jò bó bá fẹ́, kó ṣáà ti lè gbé wa sá. Ó wò mí. Mo rò pé ó gbọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti pákò. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀. Ẹ̀rù ló gbé mi débẹ̀. Ká ní ọ̀wọ̀ lásán ni, mi ò bá dúró ní ìdajì.

Ọkùnrin náà yọ pákò lẹ́nu. “Dìde,” ó ní. “Ilẹ̀ tí ò ń fi àyà gbá yẹn, mo ti gbá a láàárọ̀.”

Mo dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ìjọba, Alágbàká, ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe jẹ́ awakọ̀ lásán tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Mo sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bíi pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ó gbé búrẹ́dì àti ọsàn síwájú wọn, ó ní òun wá kí ìyá àgbà.

Ọkùnrin náà ní ìyá àgbà kò sí nílé, ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Èkó, kò sì sọ ìgbà tó máa dé. Ó ní àwọn kò ní ọmọ kankan ní Àkúrẹ́. Èyí tí àwọn ní, ìyá rẹ̀ jí i gbé, kí a lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè.

“Màmá mi ti kú,” ọmọ náà ní.

“Wọ́n sọ fún mi,” ọkùnrin náà ní, ó sì ti pákò padà sẹ́nu.

Ìyàwó rẹ̀ wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wò ó padà lọ sókè. Ó ní, “Ṣé ìjọba ló bọ́ ọ tí o fi sanra báyìí? Ẹbí kì í bọ́ ni yọ́ tó bẹ́ẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀gúsí rẹ̀. Ojú ọmọ náà wà níbì kan lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn èjìká ọkùnrin náà. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ gbé nǹkan nínú mọ́tò.

Ní tèmi, inú mi ti ń dùn. A ti jẹ ìwọ̀sí tí wọ́n rán wa, ó sì kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìtọ́jú, bí ẹni tí wọ́n fún lónjẹ. Mo tọrọ ààyè, mo wọ mọ́tò, ọmọ náà wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Kò ké. Iná kankan kò tàn níwájú mi. Mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ rẹ̀ a máa tọrọ gáfárà, a máa ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Èyí kò sọ ohunkóhun, bíi pé kò sí bátìrì nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ohun tó ṣe é kí n tó sọ̀kalẹ̀. Mo tú okùn, mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tẹ́míná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, wọ́n yọ ọ́ dáadáa, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ń dè é kò sí níbẹ̀.

Ọmọ náà ti wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó na ìka sínú ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń fi nǹkan hàn mí.

“Ọ̀pá ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà,” ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Ó ti ń fi ọ̀pá rìn kí màmá mi tó gbé mi lọ. Ta ló ń lọ sí Èkó tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nílé?”

“Gbé nọ́ọ̀tì yẹn fún mi.”

“Rárá, Ọ́ńkù.”

Ó di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mọ́ ara. Mo lè fi wáyà so tẹ́míná náà. Wáyà kì í wọ́n mi. Kó tó ṣẹ́jú, à bá ti wà lórí títì. Mo wo ẹ̀yìn, ọkùnrin náà ń wò wá, ó sì ti yọ pákò lẹ́nu. Mo wo ọmọ náà. Ẹ̀rù ọkùnrin yẹn ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ro ó pé mo máa jókòó ti ọmọ yìí láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti gbé e sá kúrò nílé ìyá bàbá rẹ̀, kí ó máa wo iwájú, kí ó má sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ìyẹn ló pọ̀ jù. Ẹ má pè mí ní akọni. Ẹ̀rù méjì ló bá ara wọn jà, ọ̀kan sì dá èkejì.

Ni mo bá mi orí bí àwa oníṣẹ́ ṣe máa ń mi orí fún oníbàárà tí a fẹ́ bà lẹ́rù. Mo kígbe sí ọkùnrin náà pé ọ́tánétọ̀ tó ń gbé iná fún bátìrì ló lọ, ó di kí n tú u.

Ó ní, “Nínú àgbàlá mi?”

Mo ní kí ó má bínú. Ó ní òun kò bínú, òun máa ti mọ́tò náà jáde sí títì fún mi, kí n tú u níbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó dìde lóòótọ́, ó ń ká apá tí kò sí lára síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. N kò tíì yára ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo ti fi sípánà tú ọ́tánétọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe, mo ti tú bẹ́líìtì, mo ti fa wáyà mẹ́ta jáde kí ó lè dà bí ìfun ẹran. Ọkùnrin náà wo ìfun yẹn, ó dẹ́sẹ̀ dúró. Ó bú mi ní èdè Oǹdó. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yé mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ibi tó ti kan Àkúrẹ́.

Ìyanrìn ló wà nílẹ̀ àgbàlá náà, ìyanrìn kò sì dára fún irin. Mo wá ibi tó mọ́ tí mo lè tẹ́ nǹkan sí. Abẹ́ igi gúáfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti táìlì ṣe pèpéle kan tí kò ga, wọ́n tẹ́ àpò sórí rẹ̀, wọ́n sá ata sí i. Mo rò pé ibi tí wọ́n ń sá nǹkan sí ni. Mo ti àpò ata sí apá kan, mo gbé ọ́tánétọ̀ síbẹ̀, mo tú ikùn rẹ̀, mo to nọ́ọ̀tì àti bọ́ọ̀lìtì rẹ̀ káàkiri, gíríìsì ń kán sórí táìlì. Mo ń súfèé pàápàá, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ.

Ìyàwó ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀gúsí. Kò pariwo, ó kàn sọ fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́ pé, “Wò ó, ó ti kó irin lé e lórí.”

Ọkùnrin náà ló pariwo. Ariwo náà gbé mi kúrò nílẹ̀. Ó gbá àga dànù, ó ń bọ̀, àpótí wó, ẹ̀gúsí dà, ìyàwó rẹ̀ náà wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Inú ariwo yẹn ni ohùn kan ti jáde láti inú ilé, ohùn arúgbó tó gún régé.

“Ta ló wà lórí ọmọ mi?”

Ohùn náà tètè ti Èkó dé. Mo wo abẹ́ ọwọ́ mi. Níbi tí mo ti ti ata kúrò, wọ́n gbẹ́ lẹ́tà sára táìlì: orúkọ ọkùnrin kan, àti pé kó sùn re. Orúkọ ìdílé ọmọ náà ló gbẹ̀yìn orúkọ yẹn.

Ẹ wò mí o. Èmi tí n kò fẹ́ wọ ilé tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó pa òkú, mo ti wọlé, mo sì ti rí òkú náà fúnra mi, mo tún da gíríìsì sí i lójú. Mo fẹ́ kó irin náà, ó bọ́, ó tún yí gba orí lẹ́tà náà kọjá.

Ọmọ náà ti débẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà kò mọ̀. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e lọ. Táìlì kò sí níbẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀. Ó tú ìborùn tó wé mọ́ orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíríìsì náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò yára, ó ń fi èékánná kó èyí tó wọ inú wọn.

Ìyá àgbà jáde. Ó gbá ògiri mú, ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìwò ó. Ó dúró lẹ́yìn ọmọ náà, ó wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Ó pe oríkì kan. N kò ní kọ ọ́ síbí, tiwọn ni. N kò gbọ́ ọ rí. Kò sí nínú orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè é, kò sí nínú èyí tí àwọn wẹ́fíà kọ sílẹ̀. Ọmọ náà kò yíjú padà. Ó dáhùn ní èdè Oǹdó, Oǹdó gidi, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá ń retí pé wọ́n dì mọ́ ara wọn, ẹ kò mọ arúgbó yẹn.

“Ìyá rẹ ńkọ́?” ó ní. “Ó rán ọ wá wò bóyá mo ti kú?”

“Ó ti kú, Yèyé.”

“Nígbà wo?”

Ọmọ náà sọ fún un pé ó ti pẹ́, pé ọmọ kékeré lòun nígbà náà. Ìyá àgbà wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọkùnrin náà wo pákò ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ da ọkàn rẹ̀ láàmú ni.

“Àràárọ̀ ni mò ń bú obìnrin yẹn,” ìyá àgbà ní. “Bí mo bá ti gbàdúrà tán, òun ló kàn. O sì ń gbọ́ mi. O jẹ́ kí n máa bú òkú, lẹ́yìn àdúrà.”

Ọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá àgbà gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì padà wọlé. Ó wá kàn mí.

“Ìwọ,” ó ní, “kó irin rẹ kúrò lórí ọmọ mi kí n tó ní kí wọ́n gbé ìwọ náà sábẹ̀ rẹ̀.”

Mo kó o. Mo to ọ́tánétọ̀ yẹn padà kíákíá, bọ́ọ̀lìtì kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi tí n kò mọ ibi tó ti wá. Ọmọ náà ń ṣa ata tí mo dà sílẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sí etí ibojì, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí èyí tí ọmọ náà kò rí. Ó ní bó ṣe ń ṣa ata bí ìyá rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni tó ń kó èérún iná. Ó ní ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ní kó máa lọ. Ó sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ó tún un sọ, kò sì wo ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fẹ́ bá a dá sí i, ìyá àgbà ní kó lọ ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀.

Nígbà tí mo ti fi wáyà so tẹ́míná, tí mọ́tò ti ń dún, ọmọ náà kúnlẹ̀ láti dágbére. Ìyá àgbà kò fi ọwọ́ kàn án. Ó ní, “Kí ọdún tó dé, a máa ń fọ ibojì yìí. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́, orúnkún mi kò sì gbà mọ́. Ìwọ lo máa fọ̀ ọ́. Gíríìsì yẹn ò tíì tán.” Ó yí ojú sí mi. “Má bá ọkùnrin yìí wá.”

Ọkùnrin náà ní lábẹ́ ohùn pé ibo ni ó máa sùn. Ìyá àgbà ní, “Lórí ẹní mi. Ṣé ẹní rẹ ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè wá nílé ìdáná, ó ń rokà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ó wo ìborùn tí gíríìsì bà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó bi mí, kò bi ọmọ náà, pé ṣé wọ́n lé wa.

“Wọ́n lé èmi,” mo ní.

Ó rokà náà títí, ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa. Ó pẹ́ kí ó tó béèrè ọjọ́ tí ọmọ náà máa lọ fún ọdún. Ọmọ náà sọ fún un. Ó ní ó dáa. Ó ní bí wọ́n bá yí ohùn padà níbẹ̀, kí ó má lọ sùn síta kí wọ́n má baà sọ pé olùkọ́ ni kò kọ́ ọ. Ó ní ilẹ̀kùn yìí kò tíì sá lọ. Ó gba ìborùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ, ó ń kùn pé irú ìborùn olówó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde, ọmọ náà ki ọwọ́ sí àpò, ó gbé nọ́ọ̀tì náà lé orí tábìlì níwájú mi. Ó ní kí n dè é dáadáa, kò dára kí wáyà so ó di oṣù Kejìlá.

Mo rán an létí pé wọ́n ní kí n má wá.

“Mo gbọ́,” ó ní. “Títí dé ìkóríta wọn ni, Ọ́ńkù.”